Àlàárì Ni àbí Ẹtù? Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkun Fọ́tò Ogun

Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ ilé bàbá ìyá mi ní Oǹdó. Nígbà tí ìyá àgbà wà láyé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ nù ún lẹ́yìn àwọn fúnra wọn. Bàbá àgbà dúró ṣánṣán nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ sójà, etí akẹtẹ̀ wọn ká sókè lápá kan, ríbọ́ọ̀nù mẹ́dà tò sí àyà wọn, àwòrán aláǹtakùn kan sì lẹ̀ mọ́ èjìká wọn. Ìyá àgbà jókòó níwájú wọn lórí àga onígi, wọ́n ró ìró aṣọ òfì, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò bí ẹni pé ó jẹ wọ́n lówó. Ọdún 1946 ni, bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Bọ́mà dé. Ogun Hítílà ni àwọn àgbà ilé wa máa ń pe ogun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Jàpáàn ni bàbá lọ bá jà, tí wọn kò sì fojú kan ará Jámánì kankan títí wọ́n fi padà wálé.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbé fóònù síwájú fọ́tò náà, ó yà á, ó tẹ ibì kan, kò sì pé ìṣẹ́jú kan tí àwọ̀ fi dé. Yunifọ́ọ̀mù bàbá àgbà di búlúù bíi ti ọlọ́pàá ìlú òyìnbó. Ara wọn tó dúdú bíi kóró iṣin di pupa rúsúrúsú bí àkàrà tí kò jinná. Aláǹtakùn èjìká di àbàwọ́n. Aṣọ ìyá àgbà gba àwọ̀ omi ẹrẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Oǹdó, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n tún gbé e súnmọ́, wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Èmi ni mo gbé fọ́tò náà lọ sí Àkúrẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe ní ìsọ̀ kékeré kan nítòsí Ọjà Ọba. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Oṣù mẹ́ta ló gbà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì lọ sórí bíbi àwọn àgbà ní ìbéèrè.

Ká tó sọ bí wọ́n ṣe ń dá àwọ̀ padà, ó yẹ ká mọ ibi tí àwọ̀ gbà lọ. Èròjà fàdákà ni wọ́n fi ra ojú fíìmù àtijọ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn lára rẹ̀ á dúdú nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ nínú kẹ́míkà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá kàn á mọ́ gaara. Nẹ́gẹ́tíìfù nìyẹn. Tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, gbogbo rẹ̀ á yí padà: ibi tó gba ìmọ́lẹ̀ á funfun, ibi tí kò gbà á á dúdú. Fàdákà kò mọ ewé yàtọ̀ sí òdòdó. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń kọ sílẹ̀.

Kò tilẹ̀ kọ ìyẹn náà tán. Ẹni tó bá ti wọ yàrá òkùnkùn onífọ́tò rí á rántí gílóòbù pupa tó máa ń tàn níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa lo pupa ni pé pépà tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò dúdú àti funfun kò rí pupa. Iná pupa lè bà lé e kí ó má mọ nǹkan kan. Púpọ̀ nínú fíìmù tí àwọn onífọ́tò fi ń ya èèyàn láyé ìgbà yẹn rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Búlúù máa ń tàn lójú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run inú fọ́tò àtijọ́ fi máa ń funfun bí ẹni pé wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá àwọsánmà kúrò. Pupa ní tirẹ̀ kò ta fíìmù, kò fi àmì sílẹ̀, ó sì di dúdú lórí pépà. Fíìmù tó rí gbogbo àwọ̀ ti wà kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn biribiri. Ẹni tó ń lo èyí tó fọ́jú sí pupa lè tan gílóòbù rẹ̀, kí ó sì máa wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Mi ò lè bá onífọ́tò wí tó bá yan èyí tó rọrùn.

Orúkọ mẹ́ta ni Yorùbá fi pín àwọ̀ láti ilẹ̀: dúdú, funfun, pupa. Àwọn tó kù, nǹkan mìíràn la fi ń júwe wọn, àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ojú ọ̀run. Fọ́tò àtijọ́ mú méjì nínú mẹ́ta náà, ó gbé ẹ̀kẹta mì. Ẹ wá wo ohun tí èyí ṣe fún aṣọ wa. Àlàárì pọ́n, pupa rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ẹtù jẹ́ aró tí wọ́n rẹ léraléra títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán, pẹ̀lú ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú un jọ ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ẹni tó bá rí méjèèjì lójú agbo kò lè ṣì wọ́n mú. Gbé wọn síwájú fíìmù tí kò rí pupa, ìbejì ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ara èèyàn. Àwọn tó mọ ìyá àgbà ní èwe sọ pé apọ́nbéporẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò náà, àwọn àti bàbá dúdú dọ́gba.

Kíkun fọ́tò kò tíì dúró de kọ̀ǹpútà rí. Ní Ìlú Bìní, tí kò jìnnà sí wa, Solomon Osagie Alonge tó jẹ́ ayàwòrán ààfin Ọba ṣí ilé fọ́tò rẹ̀, Ideal Photo Studio, ní 1942, ó sì máa ń fọwọ́ kun lára àwọn fọ́tò tó bá yà. Díẹ̀ nínú wọn wà lára iṣẹ́ rẹ̀ tí Smithsonian ní Washington ń tọ́jú, tí wọ́n sì pàtẹ fún aráyé ní 2014. Ọ̀dà tó fúyẹ́, tí ojú ń gba inú rẹ̀ ríran, ni àwọn onífọ́tò ìgbà náà fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré tàbí òwú tí wọ́n wé mọ́ orí igi ṣóńṣó. Dúdú àti funfun ìsàlẹ̀ á ṣì máa hàn láti abẹ́ rẹ̀, òun náà ni á sì máa fi ojú àti ìṣẹ́po aṣọ hàn. Bí mo ti ń ronú sí i, ó yé mi pé Bìní gan-an ló yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Ìlú tí iyùn ti jẹ́ ohun oyè kò ní fẹ́ kí fọ́tò sọ iyùn ọba di dúdú.

Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní Faransé, Auguste àti Louis Lumière, ti gbé gíláàsì fọ́tò aláwọ̀ jáde fún títà láti 1907, wọ́n pè é ní Autochrome. Sítáàṣì ọ̀dùnkún òyìnbó ni wọ́n pa láró, òmíràn ní àwọ̀ ọsàn, òmíràn ní àwọ̀ ewé, òmíràn ní àwọ̀ àlùkò, wọ́n wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sójú gíláàsì kí ìmọ́lẹ̀ máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Sítáàṣì ni àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ tiwa náà ń lò, àmọ́ àwọn fi ń lé àwọ̀ sẹ́yìn ni, àwọn Lumière fi ń mú un. Kodachrome dé ní 1935. Nítorí náà fọ́tò aláwọ̀ wà nígbà ogun méjèèjì, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni ná an sórí sójà tó ń ru ẹrù nínú igbó Bọ́mà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ìsọ̀ Àkúrẹ́. Igun kan fọ́tò wa ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fipá fà á, ó sìkáànì rẹ̀ tòun ti gíláàsì, ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á dé àmì 1200 nínú ínṣì kan kí ó lè rí ohun tí ojú lásán kò rí. Lẹ́yìn náà ló wá ń tún ibi tó bàjẹ́ ṣe: ibi tí aáyán ti jẹ, ojú ìlà tí wọ́n ti ká fọ́tò nígbà kan, ẹ̀tẹ̀ funfun tí ọ̀rinrin fà. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó bàjẹ́ ló máa ń mú, tí á fi di ojú ihò náà. Ìka ọwọ́ òsì ìyá àgbà kan ti parẹ́ pátápátá, mo ní kí ó ya òmíràn sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bí ìka wọn ṣe rí." Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo bá ẹni tó mọ iṣẹ́ pàdé.

Kì í kun fọ́tò gan-an. Nínú Photoshop, á tẹ́ ìpele kan lé fọ́tò lórí bí ẹni tẹ́ ọ̀rá lé ìwé, á sì pàṣẹ fún un pé àwọ̀ nìkan ni kí ó mú wá, kí ó fi òjìji àti ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún ti ìsàlẹ̀. Akẹtẹ̀ ní ìpele tirẹ̀, ẹ̀wù ní tirẹ̀, bẹ́líìtì, àga, ilẹ̀ yàrá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Tí ọ̀kan kò bá dára, á yọ ọ́ láìfọwọ́ kan ìyókù. Nígbà tó máa fi parí, ó lé ní ọgọ́ta ìpele tó wà lórí bàbá àti ìyá àgbà.

Awọ ara ló mú un lóògùn jù. Tí o bá fi búráùn kan ṣoṣo kun ojú ènìyàn dúdú, á dà bí ère tí wọ́n fi ọ̀dà ilé kùn. Iwájú orí tó gba ìmọ́lẹ̀ máa ń ní díẹ̀ nínú àwọ̀ ojú ọ̀run. Abẹ́ ojú máa ń ṣú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, oríkèé ìka ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ. Ètè ìsàlẹ̀ pọ́n ju ti òkè, àtẹ́lẹwọ́ ní àwọ̀ tirẹ̀. Funfun ojú kì í funfun. Tí o bá fi í sílẹ̀ ní funfun, ẹni náà á máa wò ọ́ bí iwin. Ó sì tún ní láti bá irọ́ fíìmù jà lójú ìyá àgbà: ó gbé ìmọ́lẹ̀ ara wọn sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń fi fóònù ránṣẹ́ sí Màmá Oǹdó, Màmá ń dáhùn pé kò tíì tó, kò tíì tó, ó ti pọ̀ jù, ẹ dá a padà. Èyí gba nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá.

Ìgbà tó kan aṣọ ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Nínú igbó Bọ́mà, aṣọ aláwọ̀ ewé ni àwọn ọmọ ogun máa ń wọ̀ kí igbó lè gbà wọ́n mọ́ra, ṣùgbọ́n kákí ni ti ibòmíràn. Èwo ni bàbá wọ̀ lọ́jọ́ fọ́tò? Màmá Oǹdó wọ yàrá, wọ́n mú àpò kan jáde tí ìyá àgbà máa ń kó obì sí. Ṣòkòtò sójà bàbá ni wọ́n fi rán an. Ìta rẹ̀ ti ṣá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ṣùgbọ́n nígbà tí a tú ojú rírán rẹ̀ níbi kan, kákí tí oòrùn kò rí láti ọjọ́ yìí wà nínú ibẹ̀. Ojú rírán yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti mú àwọ̀. Peter Jackson, òyìnbó Niu Silandi tó fi àwọ̀ sí fíìmù Ogun Àgbáyé Kìíní fún Imperial War Museums ní 2018, ní àkójọ yunifọ́ọ̀mù ogun náà nílé ara rẹ̀ tó ń wò. Àpò obì ni tiwa.

Aláǹtakùn èjìká kò ṣòro. Àmì Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943: aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè. Ananse ni, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn ará Gánà. Ká ní Yorùbá ni wọ́n bi léèrè, bóyá ìjàpá ni bàbá ìbá gbé kọ́ èjìká lọ bá Jàpáàn jà.

Ríbọ́ọ̀nù ló la ojú mi. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sí àníàní níbẹ̀. Ti mẹ́dà ogun 1939 sí 1945 pín sí mẹ́ta: aró fún ọmọ ogun ojú omi, pupa fún ti ilẹ̀, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ fún ti òfúrufú. Ti mẹ́dà Bọ́mà jẹ́ aró, ó ní ìlà pupa gbòòrò láàárín, àti ìlà ọsàn kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa àyà bàbá súnmọ́ wa lójú kọ̀ǹpútà títí ríbọ́ọ̀nù fi tóbi bí ẹnu ọ̀nà. Ó nawọ́ sí àárín ti Bọ́mà. Ibi tó yẹ kó pọ́n dúdú ju aró tó yí i ká lọ. Ẹ̀rí nìyẹn. Onífọ́tò tó ya bàbá lo fíìmù tó fọ́jú sí pupa. Ohun tí a mọ àwọ̀ rẹ̀ dájú ló sọ fún wa bí fọ́tò náà ṣe ń parọ́, a sì lè máa fi ìyẹn wo àwọn nǹkan tí a kò mọ̀.

Fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò bi ríbọ́ọ̀nù léèrè. Báwo ló ṣe ń ṣe tirẹ̀? Ní 2016, Richard Zhang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì California ní Berkeley mú fọ́tò aláwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n bọ́ àwọ̀ kúrò lára wọn, wọ́n wá ní kí kọ̀ǹpútà máa méfò ohun tí wọ́n bọ́. Bó bá ṣe ń ṣì í ni wọ́n ń tọ́ ọ, títí ó fi mọ̀ pé koríko ní àwọ̀ ewé. Ní 2018, Jason Antic gbé irú rẹ̀ tó ń jẹ́ DeOldify jáde. Ilé-iṣẹ́ MyHeritage mú un wọ ọwọ́ gbogbo ayé ní 2020. Ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń fi ìmọ́lẹ̀ inú fọ́tò sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á sì méfò nọ́ńbà méjì péré fún àmì kékeré kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀: èyí tó ń sọ bó ṣe súnmọ́ pupa tàbí ewé sí, àti èyí tó ń sọ bó ṣe súnmọ́ ìyeyè tàbí búlúù. Koríko kì í dà wọ́n láàmú. Aṣọ ló ń dà wọ́n láàmú, torí aṣọ lè gba àwọ̀ tó bá wu aláró. Bí kò bá dá ẹ̀rọ lójú, á fà sí àárín gbogbo ohun tó ti rí, àárín gbogbo àwọ̀ sì ni omi ẹrẹ̀ tí wọ́n fi wọ ìyá àgbà. Ojú aláìmọ̀kan ló fi wo òfì, nítorí wọn kò fi òfì hàn án tó. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ náà gba fíìmù gbọ́. Ó rò pé ohun tó dúdú nínú fọ́tò dúdú lóòótọ́.

Àwọn tó lè dáhùn ìbéèrè ti ń tán. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní 1942. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáàn ká ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ etí odò Kaladan ní Bọ́mà, wọ́n yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń fún òun àti David Kagbo, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ará Sàró, ní oúnjẹ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n fi sá pamọ́. Isaac kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó jáde ní 1999. Ó kú ní 2012. Ẹni tí wọ́n bá gbé fọ́tò Bọ́mà lé lọ́wọ́ láti kùn lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kò ní dá a lóhùn tó bá fẹ́ mọ bóyá omi Kaladan mọ́ tàbí ó ṣú.

Ogun tó súnmọ́ wa jù, ogun abẹ́lé Nàìjíríà, kò yàtọ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Bìáfúrà tí Victor Banjo ṣíwájú wọn dé Orẹ̀, tí ọkọ̀ ń ti Oǹdó lọ lójoojúmọ́. Títí di òní, ìjà Orẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń ṣe àpèjúwe ohun tó bá le. Púpọ̀ nínú fọ́tò ogun abẹ́lé náà, irú èyí tí Peter Obe ti Daily Times yà tó sì kó jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1971, dúdú àti funfun ni. Ẹni tó bá fẹ́ kùn wọ́n, kí ó ṣọ́ra fún àsíá. Pupa ló wà lókè àsíá Bìáfúrà, dúdú ní àárín, ewé nísàlẹ̀. Lórí fíìmù tó rí gbogbo àwọ̀, pupa àti ewé lè di eérú kan náà, débi pé oòrùn àárín rẹ̀ nìkan ló máa sọ èwo ni òkè fún un.

Ibì kan sì wà tí mo rò pé kò yẹ kí búrọ́ọ̀ṣì dé. Ní 2021, ìwé ìròyìn Vice gbé fọ́tò àwọn ará Kàǹbódíà tí wọ́n pa ní ẹ̀wọ̀n Tuol Sleng jáde, èyí tí Matt Loughrey, ará Ireland, fi àwọ̀ sí. Wọ́n wá rí i pé ó ti yí ojú àwọn kan padà, ó jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ìjọba Kàǹbódíà bínú, Vice yọ fọ́tò náà kúrò. Ẹ̀rín yẹn burú, kò nílò àlàyé. Ṣùgbọ́n kódà láìsí ẹ̀rín, mi ò fẹ́ rí fọ́tò àwọn ọmọ tí ebi pa ní Bìáfúrà pẹ̀lú àwọ̀ tí ẹnì kan jókòó ní ọ́fíìsì yàn fún wọn. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ilé yàtọ̀. Bàbá àgbà fúnra wọn ló wọ ilé fọ́tò, wọ́n tún akẹtẹ̀ ṣe, wọ́n sanwó. Wọ́n fẹ́ kí a rí wọn. Ta ló bi àwọn ọmọ yẹn bóyá wọ́n fẹ́?

Ohun gbogbo parí tán bí kò ṣe ìró ìyá àgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ Màmá dúdú, ó sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Kí ni kí n ṣe?" Mo ké sí Màmá Oǹdó. Wọ́n ní àlàárì ni, pé owó tí ìjọba san fún bàbá nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ sójà sílẹ̀ ni bàbá fi rà á, pé ìyá àgbà sọ ọ́ fún àwọn lẹ́nu ara wọn. Mo ké sí àbúrò ìyá mi tí wọ́n ń gbé ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní irọ́ ni. Ẹtù ni, ẹtù tí bàbá tó bí ìyá àgbà fi sin wọ́n relé ọkọ. Ìyá àgbà fúnra wọn ló sọ fún àwọn pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ wọ aṣọ bàbá àwọn lọ́jọ́ náà kí ọkọ má baà rò pé òun ló wọ àwọn láṣọ. Àwọn méjèèjì gbà pé àpótí ìyá àgbà ní àlàárì, pé ó ní ẹtù. Àpótí náà ti jóná nínú iná kan tó jó ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n tó bí èmi.

A tún padà sọ́dọ̀ ríbọ́ọ̀nù. Ohun tó ti kọ́ wa kò ràn wá lọ́wọ́ níbí: fíìmù kò rí pupa, nítorí náà àlàárì á dúdú, ẹtù náà á dúdú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ wà, ṣùgbọ́n àlàárì lè ní ìlà. Àwọn màmá méjèèjì fi fóònù bá ara wọn jà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo dámọ̀ràn pé kí a fi ìró náà sílẹ̀ ní eérú. Màmá Oǹdó bi mí bóyá mo fẹ́ kí ìyá àwọn wà níhòòhò.

Fọ́tò méjì la tẹ̀, owó méjì ni mo san. Ìyá àgbà wọ àlàárì lára ògiri Oǹdó, wọ́n wọ ẹtù lára ògiri Àkúrẹ́. Èyí tí fàdákà kọ ti wà nínú páànù bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá Oǹdó, kí oòrùn má baà jẹ ẹ́ mọ́. Nígbà tí Màmá Àkúrẹ́ wá bá wa ṣe Kérésì ní Oǹdó, wọ́n wọlé, wọ́n wo ògiri, wọn kò wí nǹkan kan. Wọ́n kàn yí àga wọn padà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ní kí wọ́n gbé ìyán wá.